Ẹbí, Ìlera àti Iṣẹ́ Ọwọ́: Ọ̀rọ̀ Aránṣọ Kan ní Ìparí Ọdún

  

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Aṣọ ìbora ni mò ń rán, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní kúìlìtì. Ẹ̀yin ọmọ, ìpele mẹ́ta ló ní. Ti òkè ni ègé aṣọ oríṣiríṣi tí a rán pọ̀. Ti àárín ni òwú tí a tẹ́ pẹrẹsẹ, òun ló ń mú ooru wá. Ti ìsàlẹ̀ sì ni odidi aṣọ kan. Lẹ́yìn náà la ó fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ káàkiri, kí wọ́n má baà yẹ̀ kúrò lára ara wọn.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé iṣẹ́ Yorùbá nìyẹn. Ẹ wo aṣọ òkè tí ẹ wọ̀ wá síbí lónìí. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni ahunṣọ ń hun lórí òfì, tí ìbú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì 4 sí 6. Télọ̀ ló ń rán ọ̀já wọ̀nyí pọ̀ tí wọ́n fi ń di ìró àti agbádá. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún náà. Aṣọ lórí aṣọ ni, ìdílé a sì máa fi tuntun kún ti àtijọ́. Ká so ègé pọ̀ kó di ńlá kò ṣàjèjì sí wa rárá.

Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí ilẹ̀ yìí náà ṣe é dáadáa. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Harriet Powers. Ọdún 1837 ni wọ́n bí i sínú oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ó rán ìtàn inú Bíbélì sórí aṣọ ìbora kan. Nígbà tí nǹkan le fún ìdílé rẹ̀, ó tà á ní dọ́là 5. Ṣùgbọ́n kó tó fi lé ẹni tó rà á lọ́wọ́, ó ṣàlàyé gbogbo àwòrán ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, onítọ̀hún sì kọ ọ́ sílẹ̀. Aṣọ yẹn wà ní Smithsonian ní Washington títí di òní. Ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama, aṣọ oko tó ti gbó ni àwọn ìyá fi ń ṣe tiwọn kí òtútù má baà pa ọmọ. Ní ọdún 2002, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní Houston wa níbí pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán wọn sórí sítáǹbù lẹ́tà.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, mo bẹ̀rẹ̀ aṣọ ìbora ìdílé wa, òun ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì yìí. Ègé 72 ló wà lára rẹ̀, 8 ní ìbú, 9 ní òòró. Ínǹṣì 10 àti ààbọ̀ ni mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè ku 10 géérégé lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá ti mú tirẹ̀ ní etí méjèèjì. Àdìrẹ ìyá mi wà níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́, kí aró má baà ran ara aṣọ yòókù. Ẹtù bàbá mi wà níbẹ̀, mo fi aṣọ fẹ́lẹ́ tì í lẹ́yìn kó má baà tú létí. Ṣẹ́ẹ̀tì tí ọkọ mi fi ń lọ síṣẹ́ alẹ́ wà níbẹ̀, àti ańkárá tí a fi ṣe aṣọ ẹbí nígbà ìgbéyàwó àkọ́bí wa.

Ní oṣù kẹta, mo lọ ṣe àyẹ̀wò ojú mi bí mo ti ń ṣe lọ́dọọdún. Ojú ò dùn mí, mò ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra mi. Dókítà wò ó títí, ó ní mo ní àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma. Ó ṣàlàyé pé lọ́pọ̀ ìgbà, omi inú ẹyinjú ni kì í rí ọ̀nà jáde tó, tí á wá máa ni iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ lára. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ń kọ́kọ́ jẹ, àárín á ṣì mọ́lẹ̀ kedere, ìdí nìyẹn tí ènìyàn kì í fi í mọ̀. Èyí tó bá ti lọ kì í padà. Oògùn wà láti dá ìyókù sí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, aránṣọ wo ló máa gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí àyà rẹ̀ kò ní já? Mo jókòó nínú ọkọ̀, mò ń wo ọwọ́ mi.

Nígbà tí mo délé, mo fóònù àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n mi, nítorí dókítà ní àrùn yìí máa ń rìn nínú ìdílé, ó sì máa ń bá àwa adúláwọ̀ jà ju àwọn mìíràn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Abẹ́òkúta ní ojú òun ò ṣe òun ní nǹkan kan. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ nítorí tèmi." Wọ́n lọ. Ojú òsì wọn ti bàjẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n ọ̀tún ṣì wà, wọ́n sì ti ń kán oògùn sí i. Ìgbà náà ni a wá rántí bàbá wa, tó ń fi ọwọ́ tá ògiri rìn lọ́jọ́ ogbó, tí gbogbo àdúgbò ń sọ pé ọjọ́ orí ni.

Ní alaalẹ́ ni mò ń kán oògùn tèmi. Ẹ̀kán kan péré, màá pa ojú dé, màá fi ìka tẹ igun rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú bíi méjì. Oògùn yìí kì í jẹ́ kí ènìyàn ríran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ máa ń rò pé kò ṣiṣẹ́, wọ́n á sì pa á tì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Iṣẹ́ mi náà yí padà. Ojúmọmọ nìkan ni mò ń rán ẹtù báyìí, torí pé ó dúdú. Nígbà tó ku ègé 21, mo pe àwọn ọmọ jọ, mo ní kí wọ́n wá parí rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 ló ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi. Ó bi mí pé, "Màmá àgbà, ta ló wọ èyí?" Mo sọ fún un. Ó tún bi mí ti èkejì. Kí a tó parí, ó ti mọ orúkọ àwọn bàbá àti ìyá ńlá tí kò fojú rí rí. Bí ẹ bá wo apá ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ojú abẹ́rẹ́ kan wọ́. Tirẹ̀ ni. N kò tú u, n kò sì ní tú u.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí àgbà kò bá sọ ìtàn àkísà rẹ̀ fún ọmọ, àkísà lásán ló máa jẹ́ lójú ọmọ náà.

Nítorí náà, mo fẹ́ bẹ̀ yín ní ohun méjì kí ọdún tó parí. Èkínní, ẹ lọ yẹ ojú yín wò, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní 40. Kí dókítà wo inú ẹyinjú, kí wọ́n wọn agbára omi rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí Medicare, ó máa ń dá sí owó àyẹ̀wò glaucoma lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún adúláwọ̀ tó bá ti pé ẹni ọdún 50. Ẹ sì bi àwọn ará ilé léèrè bóyá ẹnikẹ́ni fọ́jú nínú ìdílé.

Èkejì, ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ ní kí Dádì tàbí Mọ́mì ṣí àpótí aṣọ. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ bèèrè ẹni tó ni ín àti ọjọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún àti orúkọ ìlú. Lẹ́yìn aṣọ ìdílé wa, yíǹkì tí omi kì í fọ̀ kúrò ni mo fi kọ gbogbo orúkọ. Ọjọ́ tí ojú mi bá rẹ̀ jù láti kà á, ọmọ yóò kà á fún mi.

Ojú wa kò ní fọ́, ọwọ́ wa kò ní rọ. Ọmọ ni yóò jogún wa, a kò ní jogún ọmọ. Ọdún tó ń bọ̀ yóò bá gbogbo wa láyọ̀.