Àbàtà Takété: Ta Ni Yóò Sanwó Àtúnṣe Odò Wa?

 

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn. Ẹni tó ti gbọ́njú nígbà náà kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní Omíyalé fún un. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú ìlú yìí kan náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni owó ńlá tó dé. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ètò ìdènà omíyalé n'Íbàdàn. Ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Àwọn ọmọ wa ni yóò san án. Wọ́n fi ṣe afárá, wọ́n fi ṣe ojú àgbàrá, wọ́n fi tún ìdídò Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n kọ́ ní 1942, ṣe. Mi ò ní bú iṣẹ́ náà, nítorí ẹni tí omi gbé ọmọ rẹ̀ lọ kò ní bá afárá jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó di ìgbà tí a bá sin òkú tán kí owó tó rántí odò, àti pé bí ó bá rántí rẹ̀, sìmẹ́ńtì ló kọ́kọ́ ń rà.

Àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Àbàtà kò ṣàn, kò pariwo, kò sì sí ẹni tó ń kà á kún odò. Ṣùgbọ́n bí òjò ńlá bá rọ̀, òun ló ń fa omi mu bíi kànìnkànìn, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Koríko inú rẹ̀ ló ń di ẹrẹ̀ mú kó má baà lọ dí adágún tí à ń mu. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àkùrọ̀ etí rẹ̀ ló ń fún wa ní ẹ̀fọ́ tútù àti àgbàdo. A wá da ilẹ̀ pupa sí i, a pín in ní pulọ́ọ̀tì, a ta á. Omi tó ń sùn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò kú. Ó wá ibòmíràn sùn, ibẹ̀ sì ni yàrá wa.

Nítorí náà, bí mo bá sọ pé a ń wá owó àtúnṣe, owó tí a ó fi dá àbàtà padà fún odò ni mò ń sọ: láti kó ìdọ̀tí kúrò, láti gbin ọparun àti igi tó fẹ́ràn omi sí etí rẹ̀, láti dá ilẹ̀ tó kù dúró kí ẹnikẹ́ni má tún kọ́lé sí i. Irú owó yìí kéré púpọ̀ sí ti kọ̀ǹkéré, síbẹ̀ òun ló ṣòro láti rí. Mo ti ronú sí ìdí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu ọ̀nà ilé mi ni mo sì ti kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Odò kékeré kan gba ẹ̀yìn àdúgbò wa kọjá. Èmi àti ẹgbẹ́ onílé kọ̀wé sí àjọ kan pé kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́. Ojú ìwé 14 la kọ, gbogbo rẹ̀ kún fún ẹ̀bẹ̀. Wọ́n dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló ni ilẹ̀ etí odò náà, ṣé ó sì ti fọwọ́ sí i? Báwo ni omi náà ṣe rí lónìí, kí a lè mọ̀ bí ó bá sàn lọ́la? Kí ni ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe? A wo ara wa lójú. A kò rí nǹkan kan kọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún mẹ́fà la ti ń jáde ní gbogbo Sátidé ìparí oṣù, tí a ń fi ṣọ́bìrì àti kẹ̀kẹ́ bàrò kó ìdọ̀tí nínú odò náà!

Ọ̀wẹ̀ ni ohun tí à ń ṣe. Bàbá wa fi kọ́lé, wọ́n fi ro oko. A kò kà á sí owó nítorí pé owó kankan kò ti inú àpò jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Èèyàn 23, wákàtí mẹ́ta, ìgbà 12 lọ́dún: wákàtí 828 nìyẹn lọ́dún kan. Ètò owó kékeré ti GEF (àpò owó àgbáyé fún àyíká), tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992 tí UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sì ń bójú tó, máa ń fún ẹgbẹ́ àdúgbò lówó tààrà láìgba ọwọ́ ìjọba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 50,000 dọ́là ni òkè téńté ohun tí ẹgbẹ́ kan lè gbà. Wọ́n ń retí kí ẹgbẹ́ náà mú tirẹ̀ wá, wọ́n sì ń ka iṣẹ́ ọwọ́ àti ilẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀wẹ̀ wa níye lórí lójú wọn. Àìkọsílẹ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, a ra ìwé ńlá kan. Mọ́gàjí ìdílé tó ni ilẹ̀ náà fọwọ́ síwèé níwájú ẹlẹ́rìí. A ri igi tí a fàlà sí mọ́ inú omi láti máa wọn gíga rẹ̀ lẹ́yìn òjò. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ya fọ́tò láti orí òkúta kan náà lóṣooṣù. Nígbà tí a tún kọ̀wé, ojú ìwé márùn-ún péré ni, àjọ náà sì dá wa lóhùn. Owó náà tó fún igi etí odò àti owó oṣù ẹni tó ń ṣọ́ ọ fún ọdún méjì.

Ìwé yìí kan náà ló ń ṣílẹ̀kùn àwọn àpò mìíràn. Láti 1981 ni orílẹ̀-èdè yìí ti ń yọ ìdá kan sọ́tọ̀ nínú owó àpapọ̀ fún ọ̀gbàrá, omíyalé àti àwọn àjálù àyíká mìíràn. Ẹgbẹ́ onílé kò lè dá lọ gbà á. Ẹ gba ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti aṣòfin yín, ṣùgbọ́n ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo.

Àpò ẹni tó ba omi jẹ́ tún wà. Ní 2008, epo Shell tú sínú omi Bodo ní ilẹ̀ Ògóni lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn tó lé ní 15,000 ni orúkọ wọn wà nínú ẹjọ́ tí wọ́n gbé lọ sí London, àti ní oṣù kìíní 2015, Shell gbà láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn. Ní tiwa, àwọn tó ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ Odò Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀, odò tó ń ṣàn gba inú igbó tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé ní 2005. Ta ló ń kọ ọjọ́ tí omi náà yí àwọ̀ padà sílẹ̀? Ta ló ń bu omi náà sínú ìgò, tó ń lẹ ọjọ́ mọ́ ọn lára?

Àpò onílé fúnra rẹ̀ náà wà. Ní Staten Island ní New York, láti àwọn ọdún 1990, odò kékeré àti àbàtà ni wọ́n tún ṣe láti máa gba omi òjò dípò kí wọ́n ri páìpù ńláńlá mọ́lẹ̀ níbi gbogbo. Owó omi tí onílé ń san ni wọ́n fi ń bójú tó o. A kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, torí kànga ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbójú lé. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò wa ló ń gba owó ìdàgbàsókè fún ọlọ́dẹ àti iná. Kí odò náà ní ìpín níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, nítorí owó àjọ yóò tán, igi tí a gbìn kò sì ní dẹ́kun àti máa béèrè olùtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì 1971, àwọn orílẹ̀-èdè tọwọ́ bọ àdéhùn lórí àbàtà ní ìlú Ramsar ní Iran. Ibi 11 ni Nàìjíríà ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé àdéhùn náà. Adágún Nguru wà níbẹ̀, Oguta wà níbẹ̀. Kò sí ẹyọ kan ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù, àwa tí a ní ọ̀sà, tí a ní ẹrẹ̀ àti irà láti Èkó dé Ìlàjẹ.

Àìkọsílẹ̀ kan náà nìyẹn. Mo bẹ̀ yín, kí òjò ọdún yìí tó dé, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan. Kí wọ́n kọ orúkọ odò wọn sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ sí èkejì, kí Sátidé ìparí oṣù yìí sì jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọn yóò ka iye ọwọ́ tó jáde.