Epo Inú Ilé àti Oko Tó Ti Wá



Ẹ bá mi dé Berlin, sí Reichstag, ilé àwọn aṣòfin Jámánì. Nígbà tí Norman Foster tún ilé náà kọ́, tí wọ́n ṣí i ní 1999, òróró irúgbìn ni wọ́n ní kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa jó. Ẹ̀rọ náà ń pèsè iná mànàmáná, ooru ara rẹ̀ sì ń mú ilé móoru. Ooru tó bá ṣẹ́kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á fi omi gbé e lọ sí nǹkan bí 300 mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wà títí òtútù yóò fi dé. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Foster ṣírò pé kábọ́ọ̀nù tí ilé náà ń tú sáfẹ́fẹ́ yóò wálẹ̀ láti 7,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún sí 440.

Ohun tó gbé ìṣirò náà ró ni pé kábọ́ọ̀nù tí òróró ń tú jáde bó ti ń jó, inú afẹ́fẹ́ ni irúgbìn ti kọ́kọ́ fà á. Òótọ́ ni. Àmọ́ ajílẹ̀ àti katakata wà lóko, àwọn náà sì ń dá kábọ́ọ̀nù tiwọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì pa igbó run kí wọ́n tó gbin ọ̀pẹ, gbèsè kábọ́ọ̀nù ibẹ̀ lè má tán fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyí tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi pinnu pé, títí di 2030, òun yóò dẹ́kun kíka irú epo pupa bẹ́ẹ̀ mọ́ agbára tí kì í tán.

Ẹ wá wo LEED, ìwé-ẹ̀rí ìkọ́lé láti Amẹ́ríkà. Nínú ìlànà rẹ̀ ti 2009, bí agbára tí kì í tán tí wọ́n pèsè nínú ọgbà ilé bá ká ìdá 1 nínú 100 owó agbára ọdún kan, máàkì 1 ni wọ́n ń fún un nígbà náà. Bó bá ká 13, máàkì 7. Máàkì 40 ló ń mú ìwé-ẹ̀rí wá. Irè oko àti pàǹtí oko ni ìlànà náà gbà láyè, kò sì fi máàkì ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ibẹ̀ gan-an ni èmi kò ti gbà: àlòkù ló yẹ kó gba máàkì, kì í ṣe irè oko.

Bàódísẹ́ẹ̀lì, epo ẹ̀rọ tí a ń fi òróró ṣe, kò le ṣe: òróró kílò 100, methanol bíi kílò 10, kọ́sítíìkì sódà díẹ̀. Gílísárìn á rọ̀ sísàlẹ̀, epo á wà lókè. Òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà àti dọ̀dọ̀ wúlò fún un, bí wọ́n bá sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì yọ omi inú rẹ̀. Ní Èkó, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún lẹ́yìn ọ́fíìsì, bàódísẹ́ẹ̀lì tí a fi òróró àlòkù yìí ṣe ni kí a pò mọ́ dísẹ́ẹ̀lì. Epo pupa tí a fi ń se ọbẹ̀, tí Nàìjíríà ṣì ń rà láti òkèèrè, kò gbọdọ̀ dé inú ẹ̀rọ.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń yẹ ilé wò béèrè ìwé òróró náà, láti ọwọ́ ẹni tó fi dín nǹkan títí dé tánkì ilé. Bí ìwé bá sọnù lójú ọ̀nà, kí ilé náà má gba máàkì kankan lórí rẹ̀.