Omi Báṣé Ń Tán: Níbo Ni Ó Ń Lọ?



Báṣé ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Òun ni ó ń kó iṣu àti kájú wa lọ sí ọjà. Òun náà ni ó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn Papanè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbó. Ọdún 1968 ni Peugeot 504 kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ a ṣì ń rí i lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ tó ti gbó lè ṣiṣẹ́, bí a bá ń ṣọ́ omi rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ́ńjìnnì ń jó epo, ooru rẹ̀ sì pọ̀. Omi ni ó ń gbé ooru náà kúrò. Pọ́ǹpù ń ti omi káàkiri inú ẹ́ńjìnnì. Omi gbígbóná gba rọ́bà òkè wọ inú rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ mú un tutù níbẹ̀, ó sì gba rọ́bà ìsàlẹ̀ padà. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì 504. Bí ooru bá pọ̀ jù, ó lè tẹ̀. Bí ó bá tẹ̀, owó iṣu lè bá àtúnṣe lọ.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Omi inú ìkòkò ń hó ní 100 dígírì. Ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ dé pinpin. Omi abẹ́ rẹ̀ lè gbóná ju 100 lọ kí ó má tíì hó. Bí ẹ bá ṣí i, yóò hó lójijì, yóò sì tú sí yín lójú. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ dúró títí ọwọ́ yóò fi lè di rọ́bà òkè mú. Ẹ má sì da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ó lè là.

Ìwé tí ẹ kọ́ yóò wúlò níhìn-ín. Ẹ fi ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀. Láràárọ̀, kí ẹ tó ṣáná sí ọkọ̀, ẹ bu omi mímọ́ kún rédíétọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà, ẹ kọ iye omi tí ó gbà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ohun tí ẹ kọ nìyí:

Ọjọ́ Ajé: ìdajì lítà.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: lítà 1.
Ọjọ́rú: lítà 2.

Awakọ̀ lè sọ pé omi díẹ̀ ni òun ń bù sí i. Ìwé kì í gbàgbé. Omi ń lọ sí ibì kan, ó sì ń pọ̀ sí i. Ibi mẹ́ta ni kí ẹ wò.

Ìkíní, ìta. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀, gbogbo rọ́bà, ara rédíétọ̀ àti abẹ́ pọ́ǹpù. Ibi tí omi ti ń jò sábà máa ń ní àmì bí ìpẹtà.

Ìkejì, híítà. Híítà ni ó ń fẹ́ ooru sí wa lára nígbà ọyẹ́. Rédíétọ̀ kékeré ni, omi ẹ́ńjìnnì kan náà ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ilẹ̀ ọkọ̀ níwájú bá tutù, tí gíláàsì sì ń ṣú, ó ṣeé ṣe kí ó máa jò. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná ṣùgbọ́n tí híítà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù, ẹ fọwọ́ kan rọ́bà rẹ̀ méjèèjì. Bí méjèèjì bá tutù, omi lè ti dín, tàbí ẹnu ọ̀nà omi ti pa. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, ìdọ̀tí lè ti dí i. Bí mẹkáníìkì bá so rọ́bà méjèèjì pọ̀ kí omi má gba inú híítà mọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tí yóò tún ọkọ̀ náà ṣe lọ́la yóò mọ̀.

Ìkẹta, inú ẹ́ńjìnnì. Bí èéfín funfun kò bá dá lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tàbí tí epo ẹ́ńjìnnì bá rí bí ògì, omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Ẹ pe mẹkáníìkì.

Bí omi kò bá dín, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ń gbóná ńkọ́? Ẹ wò bóyá bẹ́líìtì fáànù ti dẹ̀. Ẹ wò bóyá koríko àti eruku ti dí ojú rédíétọ̀. Ẹ wò bóyá fáànù ń yí. Iná bátìrì ni ó ń mú fáànù ọ̀pọ̀ 504 ṣiṣẹ́ nígbà tí ooru bá pọ̀. Bí wáyà rẹ̀ bá já, kò ní fẹ́ dáadáa.

Ẹ̀yin awakọ̀, bí abẹ́rẹ́ ooru bá ń gòkè, ẹ ṣí híítà pátápátá. Yóò gba díẹ̀ nínú ooru náà, títí ẹ ó fi rí ibi dúró sí. Kì í ṣe ìwòsàn o. Bí abẹ́rẹ́ tó ti ga bá sì ṣàdédé wálẹ̀, ẹ má yọ̀. Ó lè jẹ́ pé omi ti tán, tí abẹ́rẹ́ kò rí ohun tí yóò wọ̀n mọ́. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ ilé yín nìyí: ẹ fa ìlà sí ojú ìwé kan, kí ó pín sí mẹ́ta. Ẹ kọ sí orí wọn: Ọjọ́. Omi. Ohun tí mo rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la. Bí a bá gbé aboyún sínú báṣé lóru, ìwé yẹn ni yóò ti sọ fún yín bóyá ọkọ̀ náà yóò dé Papanè.