Ewéko Tó Ń La Ẹnu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀, ẹ fi earpiece sétí dáadáa. Ọ̀rọ̀ ewéko tó ń jẹ ẹran ni mo gbé wá lónìí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, ẹnìkan tó ní ilé fàájì ní Ìlaròó pè mí sórí fóònù. Ó ní òun fẹ́ ṣe Halloween lọ́jọ́ 31, òun sì fẹ́ nǹkan tó máa dẹ́rù ba àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ewéko tútù kan tó ní eyín bíi ti ọ̀nì. Mo ní kò sí wàhálà. Ó san ìdajì owó. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi san gbèsè. Ẹ má bi mí pé gbèsè kí ni.

Ewéko náà wà lóòótọ́ o. Venus flytrap ni wọ́n ń pè é, North Carolina àti South Carolina ní Amẹ́ríkà ló ti ń hù fúnra rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò gùn tó àtàǹpàkò yín. Irun kéékèèké wà nínú ewé tó fi ṣe ẹnu. Bí eṣinṣin bá fara kan irun yẹn lẹ́ẹ̀kan, ewé ò ní mira. Àmọ́ bó bá tún kàn án láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20, ewé á pa dé wàì! Ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo ò lè tàn án jẹ. Charles Darwin kọ odidi ìwé lórí irú àwọn ewéko bẹ́ẹ̀ ní 1875. Fíìmù ló wá sọ ọ́ di nǹkan ńlá tó ń gbé èèyàn mì. Ẹ lọ wo Little Shop of Horrors ti 1986.

Ó yá, iṣẹ́. Mo fẹ́ bàlúùnù ńlá, mo ya ìwé ìròyìn wẹ́wẹ́, mo rì í sínú sítáàṣì gbígbóná, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàlúùnù náà. Ìkánjú ni mo fi lẹ̀ ẹ́ nípọn. Òjò ò sì tíì dáwọ́ dúró ní Ayétòrò nígbà náà. Òde rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ ò gbẹ, mo kun ọ̀dà lé e. Lọ́jọ́ kẹta, ó bu, ó sì ń rùn bí ògì tó ti kan jù. Mo dà á nù. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù.

Èkejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo lẹ̀ ẹ́, mo jẹ́ kí ìpele kan gbẹ kí n tó lẹ òmíràn. Mo là á sí méjì, mo kun inú rẹ̀ ní pupa, mo ki ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́ létí kó di eyín. Mo gé rọ́bà Sprite ṣe ewé. Ó rẹwà lójú mi. Àwọn ọmọ ilé wo ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìbẹ́pẹ ni.

Bàbá kan ládùúgbò wa tó máa ń tẹ̀ lé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nígbà èwe wọn ń kọjá lọ. Wọ́n ní, "Ẹnu tí kì í mì, ta ló máa dẹ́rù bà?"

Wọ́n jókòó. Ẹ mọ̀ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe àlejò ní Yewa àti Kétu. UNESCO pàápàá kéde rẹ̀ ní 2001, fún Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ẹ̀fẹ̀ á kọrin lóru, á fi èèyàn ṣẹ̀fẹ̀, á sì bá ìlú wí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jó lójú ọ̀sán. Àwọn agbẹ́gilére á gbẹ́ ejò, ẹyẹ àti ẹranko lé orí igi náà. Bàbá ní ohun tó ń mú ara èèyàn bù máà ni pé àwọn ère kan máa ń mira: oníjó á fa okùn lábẹ́ aṣọ, ejò á sì bu ẹyẹ jẹ.

Okùn! Gbogbo ọ̀rọ̀ ò ju ìyẹn lọ.

Mo gé túùbù kẹ̀kẹ́, mo fi so àgbọ̀n òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn. Mo so okùn ìpẹja mọ́ àgbọ̀n òkè, mo gbà á gba inú páìpù tí mo fi ṣe ọrùn. Bí mo bá fa okùn, ẹnu á là. Bí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀, túùbù á fà á pa dé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ògiri ni mo lúgọ sí, okùn lọ́wọ́. Ọgbọ́n eṣinṣin ni mo lò. Bí ẹnìkan bá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, mi ò ṣe nǹkan kan. Á rẹ́rìn-ín, á pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, á tún fọwọ́ kàn án. Wàì! Bọ̀ọ̀dá gìrìwò kan fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ sá wọlé. Mo gba owó mi tó kù kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹni yẹn ti tún kàn sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní lọ́dún yìí, kí n gbé orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wá, pé ìyẹn á tún dẹ́rù bani jù. Owó tó dárúkọ, ìlọ́po méjì ni. Mo sì nílò owó yẹn, ẹ gbọ́. Àmọ́ wọn kì í fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dẹ́rù ba èèyàn. Àwọn ìyá wa ni wọ́n fi ń gẹ̀, kí inú wọn lè dùn sí ìlú. Okùn ni Bàbá fún mi, wọn ò fún mi ní orí. Mo kọ ọ́ sí i pé mo lè ṣe ewéko mẹ́ta, tí gbogbo wọn á máa la ẹnu. Ó ti ka mẹ́sééjì náà, àmì méjèèjì ti di búlúù. Kò tíì fèsì.