Nígbà Tí Ìtọ̀ Bá Ń Jò
Àwọn iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí ló gbé àpòòtọ̀ àti ilé ọmọ ró. Ìrọbí tó pẹ́, ọ̀pọ̀ ìbímọ tàbí ọjọ́ ogbó lè mú kí wọ́n dẹ̀. Ìtọ̀ á máa jò bí obìnrin bá wúkọ́. Ilé ọmọ náà lè yọ sójú ara. Ọ̀pọ̀ obìnrin á fi aṣọ gba ìtọ̀ náà, wọ́n á ní bí abiyamọ ṣe ń rí nìyẹn. Àìsàn tó ní ìtọ́jú ni. Ní Abuja, National Hospital, tí wọ́n ṣí ní 1999 fún obìnrin àti ọmọdé, ní dókítà àwọn obìnrin. Fífún iṣan náà pọ̀ lójoojúmọ́, bí ẹni fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ó kéré tán fún oṣù mẹ́ta. Òrùka rọ́bà tí wọ́n ń fi sójú ara láti gbé ilé ọmọ ró àti iṣẹ́ abẹ tún wà. Ìtọ̀ tó ń jò tọ̀sán-tòru lẹ́yìn ìrọbí líle yàtọ̀: àpòòtọ̀ lè ti lu.