Ẹ Má Wó Ilé Nítorí Pé Ilẹ̀kùn Kò Ṣí
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́, lórí dísíìkì kọ̀ǹpútà tí ó ní Windows àti Ubuntu

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlú ni. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013 ti jáde ní Benin, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó mọ́. Ìwé ni a fi ń gba ilẹ̀ ẹni sílẹ̀. Àwòrán ìwé ilẹ̀ àwọn ẹbí, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ owó, ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n wà báyìí. Ẹgbẹ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá sọnù mọ́ lọ́wọ́, kí ni yóò gbé dé iwájú mérì?

Kí ló dé tí ètò fi di méjì nínú kọ̀ǹpútà kan? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú tó ń ṣe fún Windows 10 dúró, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àlòkù tí a ń rà kò lè gba Windows 11. Ni àwọn ọ̀dọ́ bá ń fi Ubuntu, tí a kì í san owó fún, sí ẹ̀gbẹ́ Windows. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bí ẹbí méjì nínú agbo ilé kan: oníkálukú ní yàrá tirẹ̀, ẹnu-ọ̀nà kan ni wọ́n jọ ń gbà. Orí dísíìkì kan náà ni gbogbo agbo ilé yẹn wà.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà kò bá tan dáadáa. Ohun tí a ń gbọ́ káàkiri ni pé, "Dísíìkì ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká fọ́màtì rẹ̀." Ẹ gbọ́ o: fọ́màtì kì í ṣe àtúnṣe. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí a wó ilé nítorí pé ilẹ̀kùn kò ṣí.

Gbogbo wa la mọ Àkàbà Ìdènà. Bí wọ́n bá ti ẹnu-ọ̀nà yẹn láàárọ̀, ṣé ẹnikẹ́ni á sọ pé Kétu ti jó? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá rí "grub rescue" lójú rẹ̀, tàbí tí ó wọ inú Windows tààrà láì bi yín ètò tí ẹ fẹ́, ẹnu-ọ̀nà ló sábà máa ń ní wàhálà. Nígbà mìíràn, àtúnṣe Windows ló fi ara rẹ̀ ṣáájú. Ẹ wọ inú ètò ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ, BIOS tàbí UEFI, kí ẹ wò ó bóyá ó rí dísíìkì. Bí ó bá rí i, ẹ dá Ubuntu padà sí ipò kìíní. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ẹ fi kíléè USB tí Ubuntu wà nínú rẹ̀ tan ẹ̀rọ, kí ẹ yan "Essayer Ubuntu", kí ẹ sì wo àwọn fáìlì. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà wọn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ẹ̀rọ kò bá rí dísíìkì rárá, ó lè jẹ́ okùn tó so ó ló tú, ó sì lè jẹ́ dísíìkì fúnra rẹ̀; ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìṣòro kejì: Ubuntu rí yàrá Windows, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ kọ nǹkan sí i. Èyí kì í ṣe àìsàn. Windows kò kú tán ni. Ó kàn ń sùn, nítorí ohun tí ó ń pè ní "Démarrage rapide". Ẹ má fi agbára wọlé ẹni tó ń sùn. Ẹ padà sínú Windows, ẹ pa ohun náà, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ pátápátá kí ẹ tó lọ sí Ubuntu.

Ìkẹta: Windows kò mọ yàrá Ubuntu kà. Bí ó bá rí i, ó lè ní kí ẹ fọ́màtì rẹ̀ kí ẹ tó lè lò ó. Ẹ dáhùn pé rárá! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun ìní ti ń ṣòfò. Bí yàrá kan bá sì nílò àtúnṣe, oníkálukú ló ní oníṣègùn tirẹ̀: chkdsk fún Windows, láti inú Windows, fsck fún Ubuntu, láti orí kíléè, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nínú yàrá náà.

Ìkẹrin ni àìsàn gidi. Dísíìkì ń dún kẹ́kẹ́, fáìlì kékeré ń pẹ́ kó tó ṣí, tàbí ohun èlò "Disques" nínú Ubuntu sọ pé ìròyìn SMART kò dára. Lákòókò yìí, ẹ má ṣe chkdsk, ẹ má tan án pa tan án pa. Kò yẹ kí a gbé ẹrù lé aláìsàn lórí. Ẹ fi ddrescue kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí dísíìkì mìíràn, kí iná sì wà títí iṣẹ́ yóò fi parí. SSD ní tirẹ̀ kì í dún. Ó lè kú lójijì láì kìlọ̀.

Ọ̀kan kù: bí BitLocker bá ti yàrá Windows, títún ètò ìbẹ̀rẹ̀ ṣe lè mú kó béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48. Bí a kò bá ní in lọ́wọ́, àwa náà di àlejò nílé ara wa.

Ẹ̀yin àgbà, ìlú yìí mọ iye ohun tí a tọ́jú. Baba Elẹ́gùn ló ń kọ́ ìtàn Kétu sórí, tó ń sọ ọ́ nígbà tí a bá ń fi ọba jẹ. Àwọn ọmọ ogun Dahomey run Kétu ní 1886, síbẹ̀ ìtàn kò run, nítorí pé kì í ṣe inú ilé ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Inú ènìyàn ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la ń bẹ ìpàdé yìí láti fọwọ́ sí. Kí akápò ra dísíìkì méjì: ọ̀kan ní ọ́fíìsì, ọ̀kan lọ́wọ́ ìjòyè kan nílé tirẹ̀, kí a máa ṣe ẹ̀dà sí wọn lóṣooṣù. Kí a kọ kọ́kọ́rọ́ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé sórí ìwé, kí akọ̀wé àti akápò mú ọ̀kọ̀ọ̀kan dání. Kí ẹnikẹ́ni má fọ́màtì kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì àti ìjòyè kan wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ti fi ojú ara wọn rí ẹ̀dà. Ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ní agbára láti pa ìrántí gbogbo wa rẹ́, ì báà ṣe ọmọ wa tó mọ iṣẹ́ jù lọ.