Ọ̀pọ̀lọ́ Odò Kihansi

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ súnmọ́ rédíò. Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán; bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tí nǹkan lé kúrò nílé ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ní ilẹ̀ Tàǹsáníà, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ìdílé àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kéékèèké kan wà nínú igbó orí òkè. Nectophrynoides ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Ẹ mọ̀ pé inú omi ni ọ̀pọ̀lọ́ tiwa ń yé ẹyin sí, tí ẹyin a sì di ọmọ onírù tí ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja, kí ó tó yọ ẹsẹ̀. Ti àwọn wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìyá ni ọmọ ń gbé títí yóò fi yọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọjọ́ tí a bá bí i ni ó ti ń fò kiri.

Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ rí ọ̀kan nínú wọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sínú ìwé rí, ní ẹ̀bá odò Kihansi, ní òkè Udzungwa. Àwọ̀ rẹ̀ dàbí ìyeyè, kò sì gùn ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta, tí ìkùukùu omi ń rin koríko ní tọ̀sán-tòru, níbẹ̀ nìkan ni ó ń gbé. Ilẹ̀ náà kò ju bí hẹ́kítà 2 lọ ní gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sé odò náà láti fi ṣe iná mànàmáná. Iná kì í ṣe ohun búburú. Ilé ìwòsàn ń fẹ́ ẹ, ilé-ìwé ń fẹ́ ẹ. Ní ọdún 2000, wọ́n darí nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá omi náà gba ibòmíràn. Ìkùukùu omi dáwọ́ dúró, koríko ń gbẹ. Wọ́n kó ọ̀pọ̀lọ́ 499 lọ sí ọgbà ẹranko ní Amẹ́ríkà. Fún àwọn tí ó kù, wọ́n fa ọ̀pá tí yóò máa fọ́n omi. Nígbà tí ó di 2003, àwọn ti ilé ń kú lọ bẹẹrẹ, a sì rí àrùn awọ ara kan lára wọn. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kéde pé kò sí ọ̀kan mọ́ nínú igbó.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ kú kí àwọn olùtọ́jú tó mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Àwọn tí ó yè bí sí i. Ní 2010, a dá 100 padà sí Dar es Salaam. Ní 2012, a tú díẹ̀ sílẹ̀ ní Kihansi.

Ẹ̀yin ará, ó rọrùn láti yí omi padà. Ọdún 12 ni a fi wá ọ̀nà dá ọ̀pọ̀lọ́ padà sílé. Ẹni tí yóò bá sé odò, kí ó kọ́kọ́ wádìí ẹni tí ń gbé etí rẹ̀.

Ó dìgbà o.